Ohun Tí Gbígbálẹ̀ Ń Ṣe Lára Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kún fọ́fọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí aago bá ti lù méjìlá, ariwo ayọ̀ á sọ, oníkálukú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run àti ara rẹ̀ dá májẹ̀mú. Lọ́dún yìí, màá máa fowó pamọ́. Màá dín ìbínú kù. Màá padà sí ẹ̀kọ́ mi. Màá tọ́jú ara mi. Tọkàntọkàn ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀, kí oṣù kejì tó parí, púpọ̀ nínú májẹ̀mú wọ̀nyí ti di ohun ìgbàgbé. N kò gbà pé òpùrọ́ ni àwọn tó dá a, n kò sì gbà pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ohun tí mo rò ni pé ìpinnu náà ga ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. Bí ènìyàn bá jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó ní "màá yí padà", kí ni yóò dì mú? Abọ́ tó wà nínú básíà ṣeé dì mú. Yàrá tí iyanrìn ti kún ilẹ̀ rẹ̀ ṣeé gbá.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ilé kéékèèké: fífọ abọ́, gbígbálẹ̀, títẹ́ ibùsùn, kíká aṣọ. Iṣẹ́ tí kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń tún ayé ẹni ṣe, àti ìdí tí kì í fi í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn tó tọ́ wa dàgbà mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nínú agbo ilé, gbígbálẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ láàárọ̀. Kí oòrùn tó yọ, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan sẹ́nu, ọmọdé ti gbọ́dọ̀ jí, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kí ó sì mú ìgbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ méjì ló sábà máa ń wà, èyí tó rọ̀ fún inú ilé, àti èyí tó le, tó ti jẹ kù, fún àgbàlá. Ara imọ̀ ọ̀pẹ ni a ti ń yọ méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, a ó kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí eruku má baà sọ. Láti ìdí ògiri ni a ti ń gbá a bọ̀. Abẹ́ àga, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn: ibẹ̀ ni ìyá ń bojú wò kó tó ní ó dáa. Ọmọ tó bá gbá àárín yàrá nìkan, tó fi kọ̀rọ̀ sílẹ̀, á tún un gbá. Lẹ́yìn náà ni yóò kó pàǹtí lọ sí ààtàn, tí yóò sì dá ìgbálẹ̀ padà sí ibi tó ti mú un, nítorí ẹlòmíràn ń bọ̀ wá a.

Ẹ wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ó ní àsìkò tí kì í yẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìparí. Bó bá mọ́, ojú rí i. Bí kò bá mọ́, ojú rí i, kò sì sí ẹni tó lè bá ilẹ̀ jiyàn. Ọmọ ọdún méje tó bá gbálẹ̀ kó tó lọ sí iléèwé ti parí iṣẹ́ kan lọ́jọ́ náà kí olùkọ́ tó fún un ní òmíràn. Ó ti rí i pé ọwọ́ òun lè mú kí ibì kan dára ju bí òun ṣe bá a lọ. Ara ló fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ìmọ̀ràn tó gba etí wọlé lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó dùn mí ni pé pàṣán ni ọ̀pọ̀ ilé fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà, débi pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lónìí kò lè rí ìgbálẹ̀ kí ọkàn wọn má padà sí ìjẹníyà. Ìyẹn ba ohun rere jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ọdún 1907, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Montessori ṣí ilé ọmọdé kan ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Àwọn òbí á ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tí kò tíì tó iléèwé lọ á sì máa sáré káàkiri ilé, wọn á máa ba ògiri jẹ́. Montessori ní kí wọ́n ṣe àga àti tábìlì tó wọ̀n mọ́ ọmọdé. Ó wá ìgbálẹ̀ kékeré àti básíà kékeré fún wọn, ó sì ń fi bí a ṣe ń fọwọ́, bí a ṣe ń gbálẹ̀, bí a ṣe ń nu eruku hàn wọ́n, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìpariwo. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní aláìgbọràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti iṣẹ́ kan fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ wọ̀nyí tilẹ̀ fà wọ́n mọ́ra ju ohun ìṣeré tó wà níbẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ilé ti di apá pàtàkì nínú ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ káàkiri ayé. Iléèwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀ ní Èkó báyìí. Mo máa ń fẹ́ bi àwọn òbí tó ń san owó gegere níbẹ̀ pé: bí ọmọ yín bá délé, ta ló ń palẹ̀ abọ́ rẹ̀ mọ́?

Àwọn ará Japan kò fi í mọ sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń gbá kíláàsì, tí wọ́n sì ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Belgium fi góòlù mẹ́ta sí méjì na Japan níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2018 ní Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Japan tún yàrá ìmúra wọn ṣe kó mọ́ tónítóní, wọ́n sì kọ ìwé ìdúpẹ́ sílẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà. Góòlù tó lé wọn kúrò nínú ìdíje wọlé ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn pátápátá. Omi ń bọ́ lójú àwọn alátìlẹ́yìn wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí nídìí ìjókòó. Ohun tó bá ti mọ́ni lára láti kékeré kì í dúró de ọjọ́ tí inú bá dùn.

Báwo wá ni nǹkan ṣe ń mọ́ àgbàlagbà lára? Ní 2009, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Ènìyàn 96 ni wọ́n ní kí wọ́n yan ohun kékeré kan, bíi mímu omi tàbí jíjẹ èso pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, kí ó sì máa tẹ̀ lé nǹkan kan tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 18 péré ni ó gbà fún ẹni tó yá jù kí nǹkan náà tó di ohun tí kì í ronú kó tó ṣe. Ìṣirò fi hàn pé ẹni tó pẹ́ jù yóò lò tó ọjọ́ 254. Ti àárín jẹ́ 66. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ mọ́kànlélógún tí àwọn ènìyàn máa ń pariwo rẹ̀ dẹ́rù ba ara rẹ̀. Ohun tó rọrùn yára mọ́ni lára ju ohun tó le lọ. Ohun mìíràn tún wà nínú ìwádìí náà tí ó yẹ kí a kọ sára ògiri: ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kan kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ gbogbo rẹ̀ nù nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi abọ́ alẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ilé tí kò ti sí. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní òun yóò máa tọ́jú ilé ìdáná. Ìyẹn ti tóbi jù. Kí ó ní: bí mo bá ti jẹun tán, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, màá fọ abọ́ tí mo fi jẹun. Ìparí oúnjẹ ni yóò máa rán an létí. Kò nílò aago. Kí ó sì ti gbé omi sílẹ̀ kó tó jókòó jẹun, nítorí omi ẹ̀rọ kì í yọ nígbà gbogbo nílùú wa, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Kí kànìnkànìn àti ọṣẹ wà ní àrọ́wọ́tó. Bí ènìyàn bá ní láti wá ọṣẹ lọ sí yàrá kejì, tó tún ní láti lọ fa omi nínú kànga lóru, ó dájú pé abọ́ yóò sùn síta. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìwà ọ̀lẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi tí irinṣẹ́ wà. Kí iṣẹ́ náà sì kéré débi pé lọ́jọ́ tí ara bá sú u pátápátá, tó dé láti inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́, yóò ṣì lè ṣe é. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, kí ó má jẹ́ kí èkejì tẹ̀ lé e.

Ibi tí àyípadà ti ń wọlé nìyí. Ká ní ọ̀dọ́ kan ń dá gbé yàrá kan l'Ékòó, tó sì ń fọ abọ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Láàárọ̀, ìkòkò rẹ̀ mọ́, síbí rẹ̀ mọ́. Ó lè se ẹyin tàbí kí ó bu omi gbígbóná po ògì kó tó jáde. Ní ìgbà tí ìkòkò bá kún fún èérún àná, kò sí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí. Ojú ọ̀nà ni yóò ti ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ìkòkò bá ti mọ́ láti alẹ́, owó tó ń ná sójú ọ̀nà láràárọ̀ á dúró sápò, yóò sì rí i, nítorí kò sọnù díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí owó rẹ̀ lójú ni ó lè kà á, ẹni tó bá lè kà á ló lè fi í pamọ́. Aáyán àti èkúté náà á dín kù. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti agbègbè Oǹdó, tí ibà Lassa ti pa àwọn ènìyàn yín, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èkúté nínú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin lásán. Kò sí idán nínú gbogbo èyí. Iṣẹ́ kan ló palẹ̀ mọ́ fún èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tó ṣe pàtàkì jù wà nínú ẹni náà gan-an. Ẹni tó ti ń já ara rẹ̀ kulẹ̀ láti ọdún mélòó kan, tó ń pinnu tí kì í mú un ṣẹ, kò gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá tún sọ pé òun yóò forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ohùn kan nínú rẹ̀ á ní, "A ti gbọ́." Abọ́ tó ń fọ̀ lálaalẹ́ ń dá ohùn yẹn lóhùn. Ó sọ pé òun yóò ṣe é, ó sì ṣe é. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, mẹ́ta, ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti di ẹni tó ṣeé gbà gbọ́. Ohun tí William McRaven, ọ̀gágun ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ń sọ nìyí nígbà tó ń bá àwọn tó ń gboyè jáde ní University of Texas sọ̀rọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, tó ní kí wọ́n máa tẹ́ ibùsùn wọn láràárọ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́dìǹ rí ní Nàìjíríà, tí aṣọ́nà ilé ibùsùn ti yẹ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò láàárọ̀, mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ju gbogbo wa lọ: àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti di àìsàn fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ọ̀sán fi pọ́n, kí ó má wẹ̀, kí abọ́ ọ̀sẹ̀ kan kún ilẹ̀. Ẹbí á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Láti àwọn ọdún 1970 ni Peter Lewinsohn, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣàlàyé pé bí ọkàn bá ti rẹ̀wẹ̀sì, ènìyàn á jáwọ́ nínú ohun tó ń fún un láyọ̀. Bó bá sì ti jáwọ́, ọkàn náà á túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Látinú èrò yìí ni ìtọ́jú kan ti jáde tí kì í dúró de ìgbà tí ọkàn bá yá. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń lò: wẹ̀ lónìí, ṣí fèrèsé, fọ ife kan, rìn dé ìta. Ní 2016, David Richards ti Yunifásítì Exeter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí ènìyàn 440 tó ní àìsàn yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ yìí kò kéré ní agbára sí irú ìtọ́jú mìíràn tó ń bá èrò ọkàn jà, bẹ́ẹ̀ ni owó tó ń náni kéré sí tirẹ̀.

Nǹkan tó sún mọ́ èyí ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa ṣáájú. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tó jẹ́ pé àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan. Wọ́n ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sí abúlé láti bá wọn gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́. Lambo mọ̀ pé ìgbé ayé ojoojúmọ́ nínú ilé wà lára ohun tó ń wo ènìyàn sàn. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe rò pé ìgbálẹ̀ nìkan yóò wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bá a bu omi, ẹ fọ abọ́ kan, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa náà wà níbẹ̀, ó sì máa ń ká mi lára. Ìyá tó ti ń gbá àgbàlá rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, a mú un wá sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù láti wá bá ọmọ gbé. Ọjọ́ kejì ni a gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ jókòó. Ẹ ti ṣe tiyín." Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ sì ni. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí Màmá fi di ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń sun oorun ọ̀sán mẹ́ta. Ní 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn kan ní òdòdó inú ìkòkò pé tiwọn ni, kí wọ́n máa bomi rin ín, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa pinnu nǹkan kéékèèké fúnra wọn. Wọ́n fún àwọn mìíràn náà ní òdòdó, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú àwọn tó ń bomi rin tiwọn dùn ju ti àwọn yòókù lọ, ara wọn sì já fáfá jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí Màmá ṣa ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bó ẹ̀gúsí, kí wọ́n já ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa bomi rin ewúro ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ ni ká gbà.

Mo ti sọ níbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ilé kì í tún ayé gbogbo ènìyàn ṣe. Ọmọbìnrin tó jí ní aago mẹ́rin, tó pọnmi, tó gbálẹ̀, tó wẹ àbúrò, tó fọ abọ́ gbogbo ilé kó tó sáré lọ sí iléèwé pẹ̀lú ojú oorun, ẹ má ṣe wàásù ìgbálẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ilé tirẹ̀ ti kọjá ohun tó ń tún ayé ẹni ṣe, ó ti ń jẹ ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ní 2016, UNICEF sọ pé láàárín ọmọ ọdún 5 sí 14 káàkiri ayé, àkókò tí àwọn ọmọbìnrin ń lò lórí iṣẹ́ ilé fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ọmọkùnrin lọ. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ tilẹ̀ burú jù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka gbígba ọmọdé ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìta ilé ẹbí rẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ ẹ wo àyíká yín. Obìnrin tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé lẹ́yìn tó bá ti ọjà dé náà kò nílò iṣẹ́ kékeré mìíràn. Bí ẹlòmíràn bá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àyípadà yóò tó dé bá a.

Ẹlòmíràn yẹn sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin, àyípadà tó ń bá a sì tóbi. Ọkọ tó bá ń fọ abọ́ lálaalẹ́ yóò mọ iye ìgbà tí omi ń tán. Yóò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ kì í mọ́ bọ̀rọ̀. Kò ní lè jókòó pariwo mọ́ pé oúnjẹ pẹ́, nítorí ó ti mọ ohun tó mú un pẹ́. Mo ti rí ilé tí ìjà dín kù nínú rẹ̀ láìsí ìpàdé ẹbí, tó jẹ́ pé abọ́ fífọ̀ ni baálé fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin nílé, ẹ yan iṣẹ́ kan fún un lọ́la, iṣẹ́ tí yóò máa jẹ́ tirẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án, ẹ má ṣe nà án sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá a ṣe é. Kí bàbá rẹ̀ náà mú tirẹ̀, kí ọmọ náà máa rí i.